Iná Pupa Tí Bàbá Mi Kọ̀

Ẹni tí kò bá mọ bí ojú ṣe ń ti ènìyàn, kó wá bi mí. Nígbà tí mò ń wí yìí, tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Okitipupa. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kẹ̀kẹ́ ṣì pọ̀ nígboro ju mọ́tò lọ, èmi náà sì ní kẹ̀kẹ́ obìnrin kan tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Mo gba yàrá nínú ilé kan tó dojú kọ títì, àwa tíṣà obìnrin bíi mélòó kan la sì jọ ń gbé ibẹ̀. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, a ó gbé àga síta, a ó máa wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. A ó wo bàtà tí ẹ̀dá Ọlọ́run wọ̀, a ó wo bí gèlè ṣe jókòó, kò sì sẹ́ni tó máa kọjá tá ò ní rí nǹkan kan sọ sí i. Ọ̀làjú la pè é. Àìníṣẹ́ ni.

Bàbá tó bí mi lọ́mọ ló wá ń gba iwájú ilé yẹn kọjá ní ìrọ̀lẹ́.

Àgbẹ̀ ọlọ́pẹ ni bàbá mi ní Ìkọ̀yà. Epo tí òun àti yèyé mi ń fún ni wọ́n tà tí wọ́n fi rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣọ́ọ̀ṣì onídùùrù ni gbogbo wa ń lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá mi á wọ kóòtù, á wọ bàtà dúdú kan tó máa ń dún kọ́, kọ́, kọ́ lórí sìmẹ́ńtì, á rìn lọ jókòó sí iwájú níbi táwọn àgbà ìjọ ń jókòó sí. Mo fẹ́ràn ìró bàtà yẹn ju dùùrù gan-an lọ. Mo máa ń wo ojú àwọn ọmọ tó kù bóyá wọ́n gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó wú débi pé kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé e bọ̀. Wọ́n ṣe aájò nílé, kàkà kó sàn, ń ṣe ló ń le sí i. Àwọn Aládùúrà ló wá gbé e lọ sí ilé àdúrà wọn ní Okitipupa. Wọ́n gbààwẹ̀ lé e lórí, wọ́n fi omi àti òróró pa ẹsẹ̀ náà, wíwú náà sì lọ sílẹ̀. Ọjọ́ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé ni yèyé mi sunkún, èmi náà sì sunkún. Bàbá mi ní ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run dá padà fún òun, òun ò ní fi bàtà bò ó mọ́ láyé. Ó gbé bàtà tó ń dún kọ́ kọ́ kọ́ fún àbúrò rẹ̀, ó gbé kóòtù lé e, ó rán aṣọ àdúrà funfun, ó sì di ọmọ ìjọ wọn pátápátá.

Ilé àdúrà yẹn kì í jẹ́ kí ọmọ ìjọ wọ aṣọ dúdú tàbí aṣọ pupa. Bàbá mi kì í sì í ṣe ẹni tí ń ṣe nǹkan ní ààbọ̀. Kì í ṣe aṣọ nìkan ló kó kúrò. Ó ní kí wọ́n gbé aṣọ ìbora pupa kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì òun. Ó ní kí wọ́n má fi ife pupa bu omi fún òun. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ dúdú nígbà tó rà á, ó ra ọ̀dà funfun, ó kùn ún láti iwájú dé ẹ̀yìn, tòun ti agogo rẹ̀. Yèyé mi, tí kò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì onídùùrù ní tiẹ̀, dúró ti agbada epo, ó ń wò ó.

Ó ní, "Baálé mi, epo tí à ń jẹ ńkọ́? Ṣé funfun lòun náà?"

Bàbá mi ní, "Epo kì í ṣe aṣọ."

Yèyé mi ní, "Mo gbọ́ o. Kẹ̀kẹ́ ló wá jẹ́ aṣọ." Ó sì ń ro epo rẹ̀ lọ.

Bí bàbá mi ṣe di ẹni tí gbogbo Okitipupa mọ̀ nìyẹn. Tí ìsìn ìrọ̀lẹ́ bá parí, á gun kẹ̀kẹ́ funfun, á gba títì ìgboro, á máa padà lọ sí Ìkọ̀yà pẹ̀lú aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán. Bó bá dé iwájú ilé kan tó rí ènìyàn, á lu agogo, á ní, "Àlàáfíà fún ilé yìí o." Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi á dáhùn pé "Àṣẹ, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ Funfun," bó bá sì ti kọjá tán, wọ́n á máa fi ohùn rẹ̀ ṣàwàdà títí a ó fi gbé àga wọlé. Ọ̀kan nínú wọn mọ ohùn yẹn ín sín débi pé kódà níléèwé, bó bá fẹ́ wọ kíláàsì mi, á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, á ní, "Àlàáfíà fún ilé yìí o." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wo lẹ rò pé mò ń rín? Ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀gún há lọ́fun.

Wọn ò mọ̀ pé bàbá mi ni. Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ mọ̀, àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá láti ìlú mìíràn, orúkọ tí mo ń jẹ́ kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ìgbàkígbà tí mo bá ti gbọ́ agogo yẹn lókèèrè, òùngbẹ á kàn ṣàdédé máa gbẹ mí ni, màá wọlé lọ mu omi. Mi ò tíì rí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ déédéé bẹ́ẹ̀ rí. Inú yàrá ni màá wà, màá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife lọ́wọ́, títí agogo yẹn á fi kọjá.

Ọjọ́ kan, ṣéènì kẹ̀kẹ́ bàbá mi já bọ́ gẹ́lẹ́ níwájú wa. Bí mo ṣe ń dìde lọ síbi omi mi ló ti bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbé ṣéènì náà padà, ó sì gbójú sókè, ó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kì í lè rí mi kó má rẹ́rìn-ín, bó ti rí láti kékeré mi nìyẹn. Tíṣà tó jókòó tì mí, ìyẹn èyí tó mọ ohùn ín sín, wò ó, ó sì wò mí.

Ó ní, "Ó jọ pé ó mọ̀ yín. Ta ni?"

Mo ní, "Ará ìlú wa kan ni."

Mo rọra sọ ọ́. Mo rò pé ohùn mi ò ju ibi tí mo wà lọ. Àmọ́ ọwọ́ bàbá mi dúró lórí ṣéènì. Ó fi ewé nu gírísì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde, ó yíjú sí wọn.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìlú kan náà ni èmi àti tíṣà. Ọmọ dáadáa ni o. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀."

Ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Kò lu agogo. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, àmọ́ èmi ò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo sọ fún ara mi pé bàbá mi fẹ́ràn àwàdà, pé ó bá mi ṣeré ni, pé kò gbé e sọ́kàn. Mo ro púpúrú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò lè jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi kò gba iwájú ilé wa mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi béèrè rẹ̀ títí, wọ́n ní ibo ni Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ Funfun wà, wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ò dùn mọ́. Èmi rò pé ilé àdúrà ti yí àkókò ìsìn padà ni. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo jókòó síta bí ọmọ ènìyàn, òùngbẹ kò gbẹ mí mọ́.

Ọjọ́ ọjà kan ni yèyé mi gbé epo wá sí Okitipupa, ó sì yà sọ́dọ̀ mi. Kò jókòó. Ó ní agbégilódò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi.

Gbogbo ará ibẹ̀ ló mọ ọ̀nà tí àwọn agbégilódò ń gbà. Ó yípo ẹ̀yìn ìlú ni, ó gba inú igbó àti oko rọ́bà lọ síbi tí wọ́n ti ń lagi. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọkọ̀ náà máa ń sáré jù, torí oníkálukú fẹ́ já ẹrù rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Yèyé mi ní ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà, ọyẹ́ funfun, aṣọ bàbá mi funfun, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun, awakọ̀ kò rí nǹkan kan títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ya wọ inú igbó tòun ti kẹ̀kẹ́.

Mo ní, "Kí ló gbé wọn dé ọ̀nà yẹn?"

Yèyé mi ní, "Wọ́n ní ó yá."

Ọ̀nà yẹn kò yá. Ó jìn ju títì lọ, ó sì kún fún kòtò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, yèyé mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ojú ìlú. Ra iná sí kẹ̀kẹ́ fún bàbá rẹ kí àwọn awakọ̀ lè máa rí i. Mi ò fẹ́ di opó torí òkùnkùn."

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ nítòsí ọjà, mo ní mo fẹ́ iná fún kẹ̀kẹ́ bàbá àgbàlagbà kan. Ẹlẹ́nu dídùn ni. Ó kó iná sílẹ̀ níwájú mi bí ẹni ń pàtẹ ẹja. Dáínámò wà níbẹ̀, èyí tí ń fi orí gbo táyà, tí bí o bá ṣe ń tẹ kẹ̀kẹ́ tó ni yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Iná iwájú rẹ̀ tóbi bí abọ́ ọbẹ̀, ó sì ń dún wìììì bó ti ń lọ. Èyí tí ń lo bátìrì wà níbẹ̀, ńlá àti kékeré. Èyí tó kéré jù kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ: ọ̀kan tó ní dígí funfun fún iwájú, ọ̀kan tó ní dígí pupa fún ẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà gbé dáínámò lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Èyí ni kẹ́ ẹ mú. Bí bàbá bá tan èyí, wọ́n á rí wọn láti Ìlútítun."

Ẹ̀rù ohun tó sọ yẹn gan-an ló bà mí. Mo rí i lójú inú mi: bàbá mi nínú aṣọ funfun, iná bí abọ́ ọbẹ̀ níwájú rẹ̀, tí yóò máa dún wìììì kọjá. Gbogbo ìlú á jáde síta. Mo ti gbàgbé pé torí ẹ̀mí ni mo ṣe wá ra iná. Mo da dáínámò padà sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ fún mi ní kékeré yẹn."

Ó ní, "Kékeré ò tan ọ̀nà o. Kí ènìyàn lè rí yín nìkan ló wà fún."

Mo ní, "Mo gbọ́. Kékeré ni mo fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wá bátìrì sí i. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rí wọn ni, àbí ẹ ò fẹ́?"

Ọ̀rọ̀ ọjà ló ń sọ, ẹni tó fẹ́ ta ọjà ńlá ló ń bá mi dámọ̀ràn, kò mọ nǹkan kan nípa mi. Àmọ́ inú bí mi sí i. Mo sọ fún un pé mi ò wá gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó di ọjà mi fún mi. Ó dì í, ó gba owó rẹ̀. Ọ̀nà ilé ni mo ti ń dá ara mi lóhùn, pé kékeré dára, pé kékeré kò wúwo, pé àgbàlagbà ò nílò ariwo.

Ní Sátidé, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí Ìkọ̀yà. Bàbá mi ń bọ́ ẹyìn lára ìdì rẹ̀ lábẹ́ igi nígbà tí mo dé. Ó tú páálí iná náà bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Ó tan ti iwájú, ó pa á, ó tún tan án. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó di ojú, ó gbàdúrà lé e lórí fún mi, àdúrà tó gùn. Lẹ́yìn náà ló wá mú ti ẹ̀yìn. Ó rí dígí rẹ̀. Ó rọra dá a padà sínú páálí.

Ó ní, "Tíṣà mi, èyí pupa."

Mo ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀yìn máa ń rí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé iná pupa lẹ̀yìn."

"Mo mọ̀. Ohun tí mi ò lè wọ̀ sọ́rùn, mi ò lè gbé e kọ́ ìdí lọ sí ilé àdúrà."

Yèyé mi jáde láti ibi ìfúnpo. Ó ní, "Iná yìí, ṣé aṣọ ni? Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lẹ́nu yín pé epo kì í ṣe aṣọ."

Bàbá mi ní, "Epo, à ń jẹ ẹ́ ni. Èyí, ara ni mò ń fi í hàn."

"Ẹ fi hàn. Awakọ̀ lẹ fẹ́ fi hàn, kì í ṣe wòlíì."

"Ìyàwó mi, fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run mi."

"Mo ti fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ mi."

Wọ́n jà á títí oòrùn fi rọlẹ̀. Bàbá mi ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Ó fi ọ̀bẹ yọ dígí pupa kúrò lójú iná ẹ̀yìn, ó gé ike funfun kan láti ara ìdérí, ó fi dí ojú rẹ̀, ó tàn án. Ìmọ́lẹ̀ funfun jáde. Ó wò mí, inú rẹ̀ dùn.

Ó ní, "Ṣó o rí i? Iwájú funfun, ẹ̀yìn funfun. Ta ni kò ní rí mi?"

Mo mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo fẹ́ padà sí Okitipupa, a ti rojọ́ títí ó ti sú mi. Mo ní ó dára. Mo mú dígí pupa náà, mo jù ú sínú báàgì mi, mo sì gun kẹ̀kẹ́ mi lọ. Ní tèmi, mo ti ra iná fún bàbá mi, mo ti ṣe ojúṣe ọmọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí níléèwé pé kí n máa bọ̀ nílé. Mo tẹ kẹ̀kẹ́ débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo dé Ìkọ̀yà. Bàbá mi wà lórí ẹní, wọ́n ti di apá rẹ̀ mọ́ ọn láyà. Apá náà yẹ̀, àwọn tó ń to eegun ti tò ó. Kẹ̀kẹ́ funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti wó pọ̀ bí àkàrà tí ènìyàn jókòó lé. Awakọ̀ agbégilódò tó kọlù ú ló gbé bàbá mi wálé fúnra rẹ̀, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di orí mú. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó dìde nígbà tó rí mi.

Ó ní, "Àǹtí, iná funfun ni mo rí. Mo ní ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé mi ni, mo ní bó bá sún mọ́ mi, á yà. Ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé èèyàn kọ́ ló ń tan iná funfun? Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn bàbá ni mo wà. Ọlọ́run ló ní kí n tètè tẹ bíréèkì."

Mo wo kẹ̀kẹ́. Iná ẹ̀yìn ṣì wà lára rẹ̀ tòun ti ike funfun lójú, ó ṣì ń tàn wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó rántí pa á. Mo lọ pa á.

Nígbà tí awakọ̀ lọ tán, ìbẹ̀rù tó wà lára mi di ìbínú. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bí àyà mi bá já, ẹnu mi ló máa ń kọ́kọ́ là. Mo dúró lórí bàbá mi tí apá rẹ̀ wà nínú ìdè, mo ń bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì wí. Mo ní kí ló dé tí wọn ò gba ìmọ̀ràn. Mo ní ṣé nítorí àwọ̀ lásán ni wọ́n ṣe fẹ́ kú. Mo ní, "Ọ̀nà agbégilódò yẹn gan-an, kí lẹ ń wá níbẹ̀? Títì ìgboro wà, ó tẹ́jú, àtùpà àwọn tó ń tajà wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí agbégilódò tó ń gbà á. Kí ló lé yín kúrò lórí títì?"

Yèyé mi ń da omi gbígbóná sínú abọ́, ó dúró.

Yèyé mi ní, "Ẹ sọ fún un."

Bàbá mi ní, "Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ sọ fún un, torí bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

Bàbá mi yíjú sí ògiri. Ó ní, "Títì ìgboro gba iwájú ilé yín kọjá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ máa ń jókòó síta."

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. Mo wá rí i pé ẹni tí mo pè ní ará ìlú wa ti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó ti kó ara rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó nítorí mi, ó ń bá agbégilódò du ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, kí n lè jókòó síta láìsí pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Èmi sì ni mo ń bínú sí àwọ̀ pupa. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dúró, mi ò sì lè jókòó. Mo lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ń da háhá ẹyìn sí, mo sunkún níbẹ̀ títí yèyé mi fi wá pè mí pé oúnjẹ ti délẹ̀. Kò bá mi wí. Ì bá sàn bó bá bá mi wí.

Apá bàbá mi sàn. Wọ́n ra táyà mìíràn sí kẹ̀kẹ́, ó sì ní òun fẹ́ padà sí ìsìn ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí lórí iná pupa. Ó ní òun ti gbọ́, òun ti mọ̀ pé funfun ò dára lẹ́yìn, òun á yọ ọ́ kúrò, àmọ́ òun ò lè gbé pupa. Wòlíì wọn gan-an ti sọ fún un pé aṣọ nìkan ni òfin náà wà fún. Ó ní òun gbọ́ ti wòlíì, ẹ̀jẹ́ tí òun bá Ọlọ́run jẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ òun wú, wòlíì ò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin ò lè gbé e. Èmi, mi ò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan."

Mo wá dígí pupa náà nísàlẹ̀ báàgì mi, mo dá a padà sójú iná ẹ̀yìn tí bàbá mi yọ kúrò, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tèmi. Ìrọ̀lẹ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ padà sí ìsìn, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà wọn títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ó jáde, ó rí mi lórí kẹ̀kẹ́, ó rí pupa tó ń tàn lẹ́yìn mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tan funfun tirẹ̀ níwájú. Ó fẹ́ yà sí ọ̀nà agbégilódò.

Mo ní, "Títì la ó gbà, Bàbá."

Ó ṣáájú, mo tẹ̀lé e. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń tan àtùpà, mo ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ lásán bó ti ń tẹ pẹ́dàlì. Kí n má parọ́ mọ́ ara mi, àyà mi ń já. Bí a ṣe ń sún mọ́ ilé wa ni mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, mo sì ń rí àga níta. Bàbá mi dẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà mi, fà sẹ́yìn díẹ̀. Tí mo bá kọjá wọn tán, kó o wá máa bọ̀."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí a fi dé iwájú ilé. Kò lu agogo, kò kí ilé. Àmọ́ tíṣà tó mọ ohùn ín sín ti rí wa. Ó dìde lórí àga.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin àti Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ Funfun? Kí ló da ẹ̀yin pọ̀?"

Kí n tó la ẹnu, bàbá mi ti dá a lóhùn. Ó ní, "Ìlú kan náà ni wá, ọmọ mi. Ilẹ̀ ló ń ṣú, ló ní kí òun sìn mí dé ìta ìlú."

Mo fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi ni." Ohùn mi kéré, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́, ni mo bá tún un sọ, mo sọ ọ́ sókè débi pé obìnrin tó ń ta kúlíkúlí lódìkejì títì yíjú wò wá. Mo ní, "Bàbá mi ni wọ́n. Àwọn ló bí mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà yẹn kúnlẹ̀ níbi tó wà, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà." Bàbá mi kò yíjú sí i. Èmi ló ń wò, ojú rẹ̀ kún fún àánú mi, bí ẹni pé mo ṣubú níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó na ọwọ́, ó fi kan èjìká mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó ní, "Rọra sọ ọ́, ọmọ mi. Wọ́n ń gbọ́."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kẹ̀kẹ́ kíákíá, kí a lè tètè kọjá.